Bí Òkúta Bá Ṣe Tutù Ni Yóò Ṣe Rí

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ọjọ́ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa ní Àbújá

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí mi pé èmi ni n ó dá wa lẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún yìí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni ọ̀pọ̀ yín ń retí lẹ́nu mi, nítorí iṣẹ́ ọba ni mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi ṣe. Ṣùgbọ́n kí n tó di òṣìṣẹ́ ọba, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ojú ayé, ìyẹn jọ́gíráfì, ni mo kà ní yunifásítì. Ìbéèrè kan sì wà tí aládùúgbò mi bi mí ní ọdún 2018, tí n kò ráyè dáhùn tán. Òun ni mo fẹ́ dáhùn lónìí níwájú gbogbo yín, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ìbéèrè tó bí ọ̀rọ̀ yìí

Ẹ ó rántí pé láàárín ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ilẹ̀ mì ní Mpape, àwọn ará Maitama náà sì mọ̀ ọ́n lára. Ní ilé tiwa, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ń dún gbinringbinrin. Kò pẹ́ tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àbúrò mi obìnrin pè láti Òṣogbo, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní Aso Rock fẹ́ tu iná." Aládùúgbò mi kó ìyàwó àti ọmọ sínú mọ́tò, inú mọ́tò náà ni wọ́n sùn mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá mi lẹ́nu géètì, ó ní, "Bàbá, ṣé àwọn àpáta tó yí wa ká yìí kì í ṣe irú èyí tó ń tu iná?" Mo ní rárá. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ má bínú o, sà. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ìbéèrè gidi ni. "Rárá" lásán kì í fi ọkàn ẹni balẹ̀, pàápàá ẹni tó ní ọmọ nílé. Ìdáhùn mi ni pé òkúta fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ọ̀pọ̀ nínú òkúta ayé ló ti yọ́ rí kó tó tutù. Bí ó bá ṣe tutù ni yóò ṣe rí, àmì ìtutù náà kì í sì í tètè kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ojú rẹ̀ wò yóò mọ̀ bóyá abẹ́ ilẹ̀ ló ti tutù, tàbí ojú afẹ́fẹ́, tàbí ìdí omi. Yóò sì mọ ohun tó yẹ kó bẹ̀rù àti ohun tí kò yẹ.

Òkúta tó yọ́

Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí, bí a bá ṣe ń wà á lọ sísàlẹ̀ ni ó ń gbóná sí i. Àwọn tó ń wa góòlù ní South Africa, tí kòtò wọn jìn ju kìlómítà 3 lọ, afẹ́fẹ́ tútù ni wọ́n ń fẹ́ sí wọn lábẹ́ ilẹ̀ kí ooru òkúta má baà pa wọ́n. Ní ìsàlẹ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì, ní àwọn ibì kan, òkúta a máa yọ́. Èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni n ó máa pè ní òkúta yíyọ́. Èyí tó bá tú jáde sójú ilẹ̀, láfà ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Òkè tó sì ń tú u jáde ni a ń pè ní òkè ayọnáyèéfín.

Láfà tó wọ́pọ̀ jù máa ń gbóná tó ìwọ̀n 1,100 sí 1,200 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Omi tí ẹ fi ń tẹ ẹ̀bà, ìwọ̀n 100 ló ti ń hó. Ẹ rántí irin tí alágbẹ̀dẹ fi ewìrì fẹ́ iná sí títí tó fi pọ́n yòò: bí ó bá ti ń tutù ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, láti orí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ dé orí pupa ṣíṣú, títí yóò fi dúdú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni láfà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ sì mọ̀ pé irin tó ti dúdú ṣì lè bó ènìyàn lọ́wọ́.

Èyí tó fẹ̀sọ̀ tutù

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń fi òrí pa ọmọ lára mọ̀ pé bí òrí bá yọ́ tán, tí a gbé e sí kọ̀rọ̀ tó sì rọra ń tutù, á di hóró-hóró lábẹ́ ìka. Ṣùgbọ́n bí a bá mú un tutù kíákíá, tí a ń rò ó, á jọ̀lọ̀. Òrí kan náà ni, inú igbá kan náà ló ti wá. Ìtutù ló yàtọ̀.

Bí òkúta ṣe ń ṣe nìyẹn. Oríṣiríṣi nǹkan ló pò pọ̀ nínú òkúta yíyọ́. Bí ooru bá ti ń dín kù, àwọn tó jọra nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara wọn kiri, wọn á máa so mọ́ ara wọn, wọn á di hóró. Bí àyè àti àkókò bá wà, hóró náà á tóbi. Bí kò bá sí àkókò, gbogbo rẹ̀ á dì kí hóró tó dàgbà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí ẹ bá délé, ẹ mú ẹyọ kan nínú òkúta wẹ́wẹ́ tí típà máa ń já sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sínú oòrùn. Ẹ ó rí hóró tó mọ́ bí ìgò, ẹ ó rí èyí tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀, ẹ ó sì rí èyí tó dúdú tó ń dán wìrì. Ojú lásán ni ẹ ó fi rí wọn, ẹ kò nílò awò. Òkúta tí ojú rẹ̀ rí báyìí ni gíránáìtì. Kò lè tutù ní wàràwàrà kó ní hóró tó tóbi bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti tutù, ní kìlómítà mélòó kan sí ìsàlẹ̀, níbi tí òkúta mìíràn ti bò ó bí aṣọ òtútù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni irú ìtutù bẹ́ẹ̀ lè gbà.

Ìdílé yìí ni àwọn àpáta tó yí Àbújá ká ti wá: Aso Rock, Katampe, àti Zuma tó wà lọ́nà Kàdúná, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó 100 náírà tí wọ́n gbé jáde ní 1999. Àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ tún padà gbóná, tí ilẹ̀ sì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ títí hóró wọn fi tò ní ìlà-ìlà. Nílé lọ́dọ̀ wa náà, ìdílé yìí ni Olúmọ tí àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ààbò nígbà tí wọ́n dé Abẹ́òkúta ní 1830, òun náà ni òkè Ìdànrè. Gíránáìtì tó pọ̀ jù ní apá ibí yìí ti tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún.

Ẹnì kan lè ní, bí abẹ́ ilẹ̀ ló ti tutù, ta ló wá gbé e síta? Òjò àti oòrùn ni. Wọ́n ń bó ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, odò ń gbé e lọ, títí gíránáìtì tó le fi yọ orí síta. Nígbà tí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ kúrò, àpáta náà mí, ó là ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ìdí nìyẹn tí orí wọn fi rí róbótó. Ìdí náà sì nìyẹn tí pẹpẹ òkúta fi máa ń já bọ́ lára wọn nígbà mìíràn.

Èyí tó tutù lójú afẹ́fẹ́

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí òdìkejì ibodè wa, sí Òkè Kamẹrúùnù, tó ga ju 4,000 mítà lọ létí òkun. Òkè ayọnáyèéfín gidi ni, ó sì wà láàyè. Ó tu láfà ní 1922, láfà náà sì ṣàn dé inú òkun. Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 1999, ó tún tú. Láfà náà ṣàn sọ̀ kalẹ̀, ó já títì tó wà láàárín Limbe àti Idenau ní ẹ̀gbẹ́ abúlé Bakingili, wọ́n sì kó àwọn ará abúlé náà kúrò. Ó kù díẹ̀ kó dé òkun kó tó dúró. Ó tún tú ní ọdún 2000 àti 2012.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí irú láfà bẹ́ẹ̀ bí ó ti ń ṣàn? Ẹ bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú àwo, ẹ gbé e kalẹ̀. Kò pẹ́ tí yóò fi awọ bo ojú. Ẹni tí ebi ń pa, tó rò pé ó ti tutù, tó ti ṣíbí bọ àárín rẹ̀, yóò jó lẹ́nu. Láfà náà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ojú rẹ̀ á dúdú tí á sì le. Ṣùgbọ́n òkúta kì í jẹ́ kí ooru kọjá kíákíá, nítorí náà awọ yìí ló ń pa ooru mọ́ sí inú. Ní Hawaii, láfà kún inú kòtò ńlá kan ní 1959, ó jìn ju 100 mítà lọ. Àwọn onímọ̀ ń gbẹ́ ihò sínú rẹ̀ láti wò ó. Ó tó nǹkan bí ọdún 35 kó tó dì tán dé àárín.

Òkúta tó bá tutù báyìí, básáàtì ni wọ́n ń pè é. Ó dúdú, ó wúwo, hóró rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó rí ihò wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ bí ihò ara búrẹ́dì. Gáàsì ló fẹ́ jáde, tí òkúta dì mọ́ ọn lára. Bí gáàsì náà bá pọ̀ púpọ̀, ìfóòfó tó dì ni yóò kù, yóò fúyẹ́ débi pé yóò léfòó lórí omi. Irú òkúta yìí ni àwọn kan fi ń fọ gìgísẹ̀.

Bí láfà tó nípọn bá sì ti ń tutù, ó ń sún kì. Ẹ ti rí ẹrẹ̀ etí odò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, bí ó ṣe ń sán tí ó ń ní igun mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà. Básáàtì náà ń sán bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú sísán náà ń wọlẹ̀ lọ títí gbogbo rẹ̀ fi di òpó-òpó bí ẹni pé ẹnì kan gbẹ́ wọn tò síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Bìrìtéènì, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé Giant's Causeway ní Northern Ireland. Nǹkan bí 40,000 irú òpó bẹ́ẹ̀ ló wà létí òkun níbẹ̀.

Ṣé ó wà ní Nàìjíríà? Ó wà. Kò tilẹ̀ jìnnà sí wa. Ní orí òkè Jos, lágbègbè Panyam àti Kerang ní Mangu, òkè kéékèèké tí ẹnu wọn ṣí sókè ṣì wà níbẹ̀. Ní mílíọ̀nù ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n tu láfà. Láfà náà ṣàn wọ àfonífojì, ó bo odò àtijọ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń wa tánganran dé sí Jos, wọ́n rí i pé láti dé ibi tí tánganran wà nínú iyanrìn odò àtijọ́ náà, àfi kí àwọn kọ́kọ́ gbẹ́ básáàtì kọjá. Biu ní ìpínlẹ̀ Borno náà rí bẹ́ẹ̀, níbi tí adágún Tilla ti wà nínú ẹnu òkè ayọnáyèéfín tó ti kú. Àpáta Wase tó dá dúró gbangba ní ìpínlẹ̀ Plateau, ọ̀nà ọ̀fun òkè ayọnáyèéfín ni. Òkúta yíyọ́ dì sínú ọ̀fun náà, ara òkè tó yí i ká jẹ tán, ọ̀fun ló kù. Básáàtì tó bá sì ti jẹrà máa ń di ilẹ̀ ọlọ́ràá. Nígbà tí ẹ bá ń jẹ ọ̀dùnkún òyìnbó tó ti Plateau wá, ẹ rántí láfà.

Èyí tó pàdé omi

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù nìyí. Ẹ̀yin tó ń din àkàrà mọ̀ pé epo lè máa gbóná jẹ́jẹ́ nínú agbada láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí omi bá kán sí i, á ta páàpáà, á jó ènìyàn lójú. Kì í ṣe pé epo ń bínú. Omi ló di ooru lójijì. Lítà omi 1 tó bá hó tán di ooru tó gba àyè bí 1,700 lítà. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò fọ́ ohun tó há a mọ́.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni omi àti òkúta gbígbóná lè gbà pàdé. Èkíní ni pé kí omi pọ̀, kí ó jìn, kí ó sì tẹ̀ mọ́ láfà. Ní ìsàlẹ̀ òkun, láfà ń jáde láìsí ariwo púpọ̀, nítorí omi tó wà lórí wúwo débi pé kò jẹ́ kí ooru ráyè bú gbàmù. Bí láfà bá ti kan omi, awọ rẹ̀ á dì lójú ẹsẹ̀, á dán bí ìgò, nítorí kò sí àkókò fún hóró kankan láti hù. Èyí tó wà nínú á tún ya awọ náà, á yọ jáde róbótó, òun náà á dì. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa ṣe títí òkúta náà á fi dà bí ìrọ̀rí tí a kó jọ lé ara wọn. Púpọ̀ nínú ìsàlẹ̀ òkun ayé, irú òkúta yìí ló tẹ́ ẹ.

Ọmọ ènìyàn náà ti fi omi gba ara wọn lọ́wọ́ láfà rí. Ní Heimaey, erékùṣù kékeré kan ní Áísíláńdì tí ènìyàn tó 5,000 ń gbé, ilẹ̀ là lóru ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1973. Lóru ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fi ọkọ̀ apẹja kó àwọn ènìyàn sá lọ. Láfà jó ilé tó tó ọgọ́rùn-ún mẹ́rin tàbí kó bò ó, ó sì ń lọ dí ẹnu ibùdókọ̀ ojú omi wọn. Bí ibùdókọ̀ bá dí, ìlú ti tán nìyẹn. Wọ́n bá gbé ẹ̀rọ, wọ́n ń fa omi òkun, wọ́n ń rọ ọ́ lé láfà lórí lọ́sàn-án lóru fún oṣù mélòó kan. Omi tí wọ́n rọ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 6 tọ́ọ̀nù. Iwájú láfà tutù, ó dì, ó di ògiri fún èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ibùdókọ̀ náà kò dí. Nígbà tí wọ́n padà sílé, wọ́n tún fi ooru tó kù nínú láfà náà mú ilé wọn móoru fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí pé kì í ṣe ọmọ ogun ló gba ìlú náà là, àwọn ará ìlú tó fìmọ̀ ṣọ̀kan pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ni.

Ọ̀nà kejì ni èyí tó burú. Bí òkúta yíyọ́ tó ń gòkè bọ̀ bá pàdé omi abẹ́ ilẹ̀ níbi tó há, á bú gbàmù, á gbẹ́ kòtò róbótó sójú ilẹ̀, á sì fọ́ òkúta sí wẹ́wẹ́ àti eérú tó máa ń kó ara jọ yí ẹnu kòtò náà ká. Lẹ́yìn náà omi á kún inú kòtò, á di adágún. Irú adágún bẹ́ẹ̀ ni Nyos, ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Kamẹrúùnù, lẹ́bàá ibodè wa. Ó jìn ju 200 mítà lọ. Gáàsì ń ti abẹ́ ilẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ omi rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, irú gáàsì tó ń mú mínírà ru nígbà tí a bá ṣí i. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1986, gáàsì náà tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì ṣàn sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì bí omi, ó bá àwọn ènìyàn nílé wọn. Nǹkan bí 1,700 ènìyàn ló kú, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù. Kò sí iná, kò sí láfà. Láti 2001 ni wọ́n ti ri páìpù sínú adágún náà kí gáàsì lè máa rọra jáde.

Ṣùgbọ́n ohun kejì wà níbẹ̀ tó kan Nàìjíríà gan-an. Ògiri tó dá omi Nyos dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan kì í ṣe gíránáìtì. Eérú àti òkúta wẹ́wẹ́ tí ìbúgbàmù ìjọ́sí kó jọ ni. Omi ń jẹ ẹ́. Bí ó bá ya, ọ̀nà odò Katsina-Ala ni omi náà yóò gbà wọ orílẹ̀-èdè wa, kó tó dé Benue. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ láti fún ògiri náà lókun lẹ́yìn ọdún 2010. Ẹ rí i báyìí: òkúta tó fẹ̀sọ̀ tutù ti dúró fún 600 mílíọ̀nù ọdún, èyí tí omi fọ́ ní ìfọ́kúfọ̀ọ́ nílò kí ènìyàn máa tì í lẹ́yìn. Bí ó ṣe tutù náà ló ṣe rí.

Kí ni ó kàn wá ní Àbújá?

Mo lè wá dá aládùúgbò mi lóhùn báyìí. Báwo ni mo ṣe mọ̀? Mo mọ̀ nítorí pé hóró inú Aso Rock tóbi. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti tutù, iná rẹ̀ sì ti kú tipẹ́tipẹ́ kí ẹranko tó kọ́kọ́ rìn lórí ilẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ti rí iná lórí Zuma nígbà òjò. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe láfà, nítorí láfà kì í lọ láìfi òkúta dúdú sílẹ̀, kò sì sí básáàtì tútù kankan lórí Zuma. Àwọn ìlà dúdú tí ẹ ń rí lára rẹ̀, omi òjò àti ewé wẹ́wẹ́ tó ń hù lójú omi ló fà wọ́n.

Ilẹ̀ tó mì ní 2018 ńkọ́? Ilẹ̀ lè mì láìsí òkè ayọnáyèéfín nítòsí. Àpáta àtijọ́ ní ojú ẹ̀là nínú, bí ẹ̀là bá sún díẹ̀, ilẹ̀ á mì. Ó mì ní Kwoi ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ní 2016, kò sì sí iná tó jáde níbẹ̀. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ dìde lórí ti Mpape, ọ̀rọ̀ nípa omi tí a ń fà lábẹ́ ilẹ̀ àti òkúta tí wọ́n ń fi àdó fọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Nítorí náà, ẹ má ṣe bẹ̀rù láfà. Ẹ bójú tó ilé yín: ẹ má kọ́ ilé pẹ̀lú irin tín-ín-rín àti sìmẹ́ǹtì díẹ̀, ẹ má sì kọ́ ọ sí abẹ́ àpáta tí pẹpẹ rẹ̀ lè já.

Ọ̀rọ̀ tó kàn mí jù ni omi. Lọ́dún kan, mo pe àwọn tó ń gbẹ́ bóòhóòlù. Aládùúgbò mi ti gbẹ́ tirẹ̀, ó rí omi. Mo ní bí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, èmi náà á rí i. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí, eruku funfun ló ń tú jáde. Mo san owó wọn pé, n kò rí ìkán omi kan. Inú bí mi, mo sọ pé wọn kò mọ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó tí mo bi ara mi pé, ìwọ tí o ka jọ́gíráfì, ṣé o ti gbàgbé bí òkúta yìí ṣe tutù ni?

Gíránáìtì fẹ̀sọ̀ tutù débi pé hóró rẹ̀ há mọ́ra wọn pinpin. Kò fi àyè sílẹ̀ fún omi. Omi tí a ń mu ní Àbújá láti abẹ́ ilẹ̀, inú erùpẹ̀ tó jẹrà lókè àpáta ló wà, àti inú ojú ẹ̀là. Ẹni tí bóòhóòlù rẹ̀ bá kan ẹ̀là rí omi, ẹni tí tirẹ̀ kò kàn án rí eruku. Ohun mẹ́ta sì tẹ̀ lé èyí. Èkíní, ẹ má gbẹ́ kànga láìjẹ́ pé onímọ̀ ti fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ilẹ̀ náà. Owó àyẹ̀wò kéré sí owó tí mo pàdánù. Èkejì, ẹ̀là kan náà lè gba abẹ́ ilé mẹ́wàá kọjá. Bí ilé mẹ́wàá bá ń fa á, gbogbo wọn á jọ gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀kẹta, bí omi ṣe ń gba inú ẹ̀là, bẹ́ẹ̀ ni ìdọ̀tí ń gbà á. Iyanrìn a máa sẹ́ omi, ẹ̀là kì í sẹ́ ẹ. Ẹni tó gbẹ́ ṣálángá tàbí sọ́kàwéè sí ẹ̀gbẹ́ kànga, omi ìgbẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ tàbí tirẹ̀ ni ó lè máa fún ọmọ mu.

Nítorí náà, mo ní àbá kan fún ẹgbẹ́ wa. Lójú pópó kọ̀ọ̀kan tí a bá ti pọ̀, kàkà kí olúkúlùkù dá gbẹ́ tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí a dá owó jọ, kí a pe onímọ̀, kí a gbẹ́ ọ̀kan tó dára, tó jìnnà sí sọ́kàwéè, kí a sì jọ máa tọ́jú rẹ̀. Àwọn ará Heimaey fìmọ̀ ṣọ̀kan, wọ́n dá láfà dúró. Ó yẹ kí àwa lè fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí kànga kan.

Ìkádìí

Alága, n kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi di ti oníwàásù tí kò mọ ìgbà tí oúnjẹ jinná. Òkúta tó fẹ̀sọ̀ tutù lábẹ́ ilẹ̀ ló gbé ìlú yìí rù. Èyí tó tutù lójú afẹ́fẹ́ ń fún wa lọ́dùnkún láti Plateau. Èyí tó bá omi jà wà ní Nyos, ojú wa kò sì gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀. Aládùúgbò mi, tó jókòó sí ìlà kejì níbẹ̀ yẹn, ìdáhùn rẹ nìyẹn. Máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ. Ṣùgbọ́n kí o tó sùn, lọ wo ibi tí sọ́kàwéè rẹ wà.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ilé àti ọ̀nà wa.